Orí àga ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ti kọ ọ́: ìbéèrè yín lórí Dan O'Bannon, ọkùnrin tó kọ Alien

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nínú èyí tó jáde gbẹ̀yìn, mo kàn sọ ọ́ gbà bẹ́ẹ̀ pé Dan O'Bannon, ọkùnrin tó kọ Alien, fíìmù ẹranko abàmì tó wọ inú ọkọ̀ òfuurufú, orí àga pálọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ń sùn nígbà tó ń kọ ọ́, mi ò mọ̀ pé ilé agbọ́n ni mo tọwọ́ bọ̀. Fóònù ò sinmi mọ́. Àwọn kan ní irọ́ ni mo pa, àwọn kan fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń di òǹkọ̀wé fíìmù onísáyẹ́ǹsì, ìyá àgbà kan tiẹ̀ ní kí n yéé fi nǹkan abàmì kó sí àwọn ọmọ lórí. Màmá, ẹ má bínú sí mi, ẹ fojú fo ti oṣù yìí. Mo ti ṣa díẹ̀ nínú ìbéèrè yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 23 ni mí, Òṣogbo ni mo wà, mò ń kọ ìtàn ọkọ̀ òfuurufú àti róbọ́ọ̀tì sínú nótùbúùkù, mo ti kọ mẹ́ta kún. Dádì mi ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, kí n lọ kọ́ṣẹ́ gidi. Ẹni tẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yẹn, ṣé ọmọ olówó ni àbí báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? (Onínótùbúùkù, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ọmọ olówó kọ́. St. Louis ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní 1946, ó wá lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní yunifásítì USC ní Los Angeles, ibẹ̀ ló ti pàdé John Carpenter, ẹni tó padà di gbajúmọ̀ olùdarí. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ fíìmù kékeré kan bí iṣẹ́ ilé-ìwé, wọ́n ń fà á, wọ́n ń wá owó kún un, títí ó fi di fíìmù tó wọ sinimá ní 1974, Dark Star lorúkọ ẹ̀, gbogbo owó tó ná wọn ò ju bíi 60,000 dọ́là lọ. O'Bannon bá Carpenter kọ ọ́, òun náà ló gé e tó tò ó pọ̀, òun ló ṣe àwọn idán ojú (special effects) tó wà nínú ẹ̀, ó tún wá ṣeré nínú ẹ̀ bíi Sergeant Pinback. Ẹni tí ò lówó ló máa ń ṣe gbogbo iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé o rí i.

Ẹ̀dá àjèjì tó wà nínú fíìmù yẹn ńkọ́? Bọ́ọ̀lù onírọ́bà ńlá ni, irú èyí táwọn ọmọdé fi ń ṣeré létí òkun, wọ́n kùn ún, wọ́n so ẹsẹ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀, ó di ẹranko. Torí káwọn èèyàn lè rẹ́rìn-ín ni O'Bannon ṣe fi síbẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò ó, ẹ̀rín ò jáde tó bó ṣe rò. Ó dùn ún wọra. Ó wá pinnu pé bí òun ò bá lè mú wọn rẹ́rìn-ín, òun á mú wọn pariwo, ibẹ̀ gan-an ni Alien ti bẹ̀rẹ̀ o, lára bọ́ọ̀lù tí ò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Ó ku díẹ̀ sí i. Alejandro Jodorowsky, ọmọ ilẹ̀ Chile tó ń ṣe fíìmù ní Paris, wo Dark Star, ó ránṣẹ́ pe O'Bannon pé kó wá bójú tó àwọn idán inú fíìmù Dune tí òun fẹ́ ṣe. Bàbá palẹ̀ mọ́, ó di Faransé. Ibẹ̀ ló ti mọ Moebius àti Chris Foss tí wọ́n ń ya àwòrán, ó tún mọ ọmọ Switzerland kan tó ń jẹ́ H. R. Giger, tó máa ń ya egungun tó dà bí ẹ́ńjìnnì àti ẹ́ńjìnnì tó dà bí egungun, ẹni tó bá wo iṣẹ́ ẹ̀ lóru ò ní rí oorun sùn. Lẹ́yìn náà owó ò jáde mọ́, Dune yẹn kú kí wọ́n tó ya ibì kankan nínú ẹ̀, O'Bannon sì padà dé Los Angeles láìní kọ́bọ̀, láìní ilé, inú tún ń run ún, ló bá forí lé ilé ọ̀rẹ́ ẹ̀, Ronald Shusett. Àga tí mo sọ nìyẹn. Mi ò parọ́.

Wọ́n wá jókòó, wọ́n tú ẹrù àtijọ́. O'Bannon ní ìtàn kan tí ò tíì parí, bí ojú ewé 30, Memory ló pè é: àwọn awakọ̀ òfuurufú jí lójú oorun, wọ́n gbọ́ ìpè kan láti ayé tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, wọ́n balẹ̀ lọ wò ó, ìtàn náà wá há síbẹ̀. Ó tún ní òmíì nílẹ̀, ti bààlúù ológun B-17 nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn iwin kéékèèké wọ inú ẹ̀ tí wọ́n ń yọ àwọn sójà lẹ́nu lókè lọ́hùn-ún. Shusett ló ní kó gbé iwin inú bààlúù wọ inú ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn ìtàn méjì tí ò ṣeé parí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n so wọ́n pọ̀, wọ́n di ọ̀kan. Star Beast ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ìgbà tí O'Bannon rí i pé ọ̀rọ̀ "alien", ìyẹn ẹ̀dá àjèjì, ń jáde lẹ́nu gbogbo èèyàn tó wà nínú ìwé náà ló yí orúkọ padà.

Nítorí náà má da nótùbúùkù mẹ́ta yẹn nù. Àmọ́ dádì ẹ náà ò ṣì sọ, O'Bannon náà ò dúró lójú kan títí Alien fi dé: àwọn àwòrán kọ̀ǹpútà tó ń tàn lójú ẹ̀rọ nínú Star Wars ti 1977, òun wà lára àwọn tó ṣe é. Kọ́ iṣẹ́ kan mọ́ ọn, máa gé fídíò fáwọn èèyàn, máa ya fọ́tò, èyíkéyìí tó bá sún mọ́ fíìmù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní London níbí, ọ̀dọ̀ àwọn tí ìfun ń yọ lẹ́nu ni wọ́n fi mí sí. Ọ̀kan nínú àwọn tí mò ń tọ́jú sọ fún mi pé ẹni tó kọ Alien ní irú àìsàn tó ń ṣe òun, pé ibẹ̀ ni ibi tí ẹranko ti já àyà ọkùnrin yẹn jáde ti wá. Ṣé òótọ́ ni? (Àǹtí Nọ́ọ̀sì)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, Àǹtí. Crohn lorúkọ àìsàn náà, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ìfun á wú, oúnjẹ tí èèyàn fẹnu ara ẹ̀ jẹ á wá di ọ̀tá ẹ̀ níkùn. Ó bá O'Bannon jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun náà ló sì padà pa á ní oṣù Kejìlá 2009, ọmọ ọdún 63 ni. Ẹni tí inú ti run lóru rí, tó ń ṣe bíi pé nǹkan abẹ̀mí kan ń bẹ níbẹ̀ tó fẹ́ gba ọ̀nà ẹ̀wù jáde, á mọ ohun tí mò ń sọ.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fún Shusett ní tiẹ̀. Wọ́n ti há síbì kan pé báwo ni ẹranko yẹn ṣe máa wọ inú ọkọ̀ láì jẹ́ pé ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé bí àlejò, Shusett ló ní kó gbin ọmọ sínú ọ̀kan nínú àwọn èèyàn inú ọkọ̀. Ẹni tó mú ọ̀nà wá yàtọ̀ sí ẹni tó mọ bí ìrora ẹ̀ ṣe ń rí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wo ibẹ̀, pálọ̀ aládùúgbò wa kan n'Íbàdàn ni, fídíò káséètì nígbà yẹn, a tó 15 nínú yàrá kan, iyán la ń jẹ lọ́wọ́. Nínú fíìmù náà, oúnjẹ ni àwọn èèyàn inú ọkọ̀ ń jẹ, wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀, Kane, ọ̀kan nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, a rò pé oúnjẹ ló há a lọ́nà ọ̀fun, ẹnì kan tiẹ̀ ní kí wọ́n fún un lómi. Wọ́n gbé e dà sórí tábìlì. Àyà ẹ̀ ru sókè lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ yọ lára ẹ̀wù funfun. Bí orí nǹkan yẹn ṣe fẹ́ yọ báyìí ni wọ́n mú iná lọ. Òkùnkùn biribiri! Ẹnì kan ké "Jésù!", abọ́ ọbẹ̀ ẹnì kan dà sí mi lẹ́sẹ̀, ó gbóná, èmi rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Ọjọ́ kejì ni mo tó rí ìyókù.

Àwọn òṣèré yẹn gan-an mọ̀ pé nǹkan kan máa jáde, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó ni wọn ò mọ̀. Ìfun ẹran gidi láti ọ̀dọ̀ alápatà ni wọ́n kó sínú àyà àtọwọ́dá náà. Ẹ̀jẹ̀ yẹn tú sí ọ̀kan nínú wọn, Veronica Cartwright, lójú, igbe tó ké kì í ṣe eré rárá.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá, àwọn kan ń sọ pé ọmọ Yorùbá ló wà nínú aṣọ ẹranko yẹn. Èmi ò gbà. Ṣé gbogbo nǹkan náà la máa sọ di tiwa ni? (Aláròyé, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Gbà á bẹ́ẹ̀, ọ̀gá. Bọ́lájí Badéjọ lorúkọ ẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1953, Victor Badéjọ tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ NBC, ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba wa nígbà náà, ni bàbá ẹ̀. Iṣẹ́ ọnà gíráfíìkì ló ń kọ́ ní London lọ́dún 1978 nígbà tí Ridley Scott tó darí Alien ń wá ẹni tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, torí kò fẹ́ kí àwọn tó ń wò ó mọ̀ pé èèyàn ló wọ aṣọ. Ilé ọtí kan ni ẹnì kan ti rí Bọ́lájí. Ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 10! Wọ́n mú un, kò ṣe fíìmù rí, wọ́n ní kó lọ kọ́ tai chi, eré ìmárale àwọn ará Ṣáínà, àti bí wọ́n ṣe ń fi ara sọ̀rọ̀ láì lanu, kí ìrìn ẹ̀ má bàa jọ ti ọmọ aráyé.

Aṣọ yẹn ò ṣeé fẹnu sọ. Ìrù wà lẹ́yìn, kò jẹ́ kó lè jókòó sórí àga, àfi ìgbà tí wọ́n so nǹkan bíi jáńgírófà fún un kó máa rí ibi fìdí lé tó bá rẹ̀ ẹ́. Orí náà wúwo, agbára káká ló fi ń ríran. Kò tún ṣe fíìmù míì lẹ́yìn ẹ̀, ó padà wá sílé, ó ṣí ilé àwòrán tiẹ̀, sickle cell, àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ló mú un lọ ní Èbúté Mẹ́ta lọ́dún 1992, ọmọ ọdún 39 péré. Fíìmù kan ṣoṣo láyé ẹ̀, gbogbo ayé ló sì rí i, kò sẹ́ni tó rí ojú ẹ̀. Ó máa ń ká mi lára.

Ẹ wá wo bí òkú Dune ṣe tún jí síbẹ̀. Ìwé àwòrán Giger, O'Bannon ló gbé e lọ fún Ridley Scott pé ẹni tó máa ṣe ẹranko wa nìyí. Bí kò bá lọ jẹ ìyà ní Paris, kò ní mọ Giger, Bọ́lájí náà ò ní rí aṣọ wọ̀. Giger àtàwọn tí wọ́n jọ ṣe é gba Oscar lórí ẹ̀ ní 1980.

ÌBÉÈRÈ: Mo rí i kà pé àwọn méjì kan tún ìwé Alien kọ pátá, Walter Hill àti David Giler. Ta ló kọ ọ́ gan-an? Kí ló sì dé tí wọ́n máa ń fi àmì "&" sáàárín orúkọ nígbà míì, tí wọ́n á tún kọ "and" nígbà míì? (Tíṣà, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ẹ bi mí ní ìbéèrè tó wù mí jù.

Hill, Giler àti Gordon Carroll ló ni ilé-iṣẹ́ Brandywine tó ra ìwé náà. Díẹ̀ ló kù kí O'Bannon àti Shusett gbé e fún Roger Corman tó máa ń fi owó táṣẹ́rẹ́ ṣe fíìmù, kí ọ̀rẹ́ wọn kan tó gbé e dé Brandywine. Ìgbà tí Star Wars wá pa owó rẹpẹtẹ ní 1977, ilé-iṣẹ́ Fox ń wá ìtàn ọkọ̀ òfuurufú lójú méjèèjì, ìwé yìí ló wà nílẹ̀. Hill àti Giler tún un kọ léraléra. Wọ́n yí orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ padà, wọ́n yí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, Hill gé gbólóhùn kúrú bí ẹni ń gé ẹran suya, wọ́n tún fi Ash sí i, òṣìṣẹ́ tó jẹ́ pé róbọ́ọ̀tì ni láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. O'Bannon ò fẹ́ràn Ash yìí rárá. Èmi ò ní parọ́ torí pé mo fẹ́ràn O'Bannon, Ash wà lára ohun tó dùn jù nínú fíìmù yẹn.

Ìgbà tó wá kan orúkọ tí wọ́n máa kọ sójú fíìmù, ìjà dé. Lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, kì í ṣe ẹni tó lówó ló ń pinnu ìyẹn, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé tó ń jẹ́ WGA ni. Wọ́n á yan òǹkọ̀wé mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, wọ́n á kó gbogbo ìwé láti èkíní dé ìkẹyìn fún wọn, wọn ò ní kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sí i, Òǹkọ̀wé A, Òǹkọ̀wé B ni wọ́n á máa rí. Tó bá jẹ́ pé ẹni àkọ́kọ́ ló dá ìtàn náà sílẹ̀ látinú orí ẹ̀, ẹni tó bá dé lẹ́yìn ò lè gba orúkọ lórí ìwé náà àfi tí iṣẹ́ tiẹ̀ bá tó ìdajì. Àwọn tó ṣèdájọ́ fún Alien fún O'Bannon nìkan ní orúkọ lórí ìwé eré, òun àti Shusett ní orúkọ lórí ìtàn. Hill àti Giler di olóòtú fíìmù nìkan, wọn ò rí orúkọ òǹkọ̀wé gbà. Ọ̀rọ̀ owó náà tún wà ńbẹ̀ o, torí orúkọ yẹn ni owó tó máa ń wọlé lẹ́yìn tí fíìmù bá ń lọ sórí tẹlifíṣọ̀n ń tẹ̀ lé.

Ohun kan wà nínú ìwé àkọ́kọ́ yẹn tí ẹnikẹ́ni ò lè gbà lọ́wọ́ O'Bannon. Orúkọ ìdílé ló fi ń pe gbogbo èèyàn inú ọkọ̀, Roby, Broussard, Melkonis àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ó wá kọ ọ́ síwájú ìwé pé kò sí èyí tí ọkùnrin tàbí obìnrin ò lè ṣe níbẹ̀. Àyè yẹn ni wọ́n fi gbé Ripley, ẹni tí fíìmù náà dá lé, fún obìnrin, Sigourney Weaver. Wọ́n ń pariwo ẹ̀ lọ́hùn-ún bí ọgbọ́n ńlá, ọgbọ́n sì ni lóòótọ́, àmọ́ ọmọ Yorùbá tó bá ń kọ ìwé eré lédè wa ti ń ṣe é lójoojúmọ́ láì mọ̀, torí "ó" la máa kọ, "ó wọlé, ó gbé ìbọn," ẹ ò ní mọ̀ bóyá bàbá ni tàbí ìyá títí tí ẹ ó fi pe òṣèré.

Ti àmì "&" yẹn: òun túmọ̀ sí pé àwọn méjèèjì jọ jókòó kọ ọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá rí "and", ẹnì kan ló wá lẹ́yìn, bóyá wọn ò tiẹ̀ pàdé rí. Ẹ wo Total Recall ti 1990, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni Ronald Shusett & Dan O'Bannon and Gary Goldman. Ẹ ti ka gbogbo ìtàn ibi iṣẹ́ wọn tán látinú àmì kan.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, fíìmù onígbòónára ni tèmi, ìbọn, hẹlikọ́pítà, kí ilé máa wó. Ṣé ó kọ ìyẹn náà? (Action Boy, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Ó kọ ọ́ dáadáa! Blue Thunder, 1983, òun àti Don Jakoby, John Badham ló darí ẹ̀. Hẹlikọ́pítà ọlọ́pàá Los Angeles ló máa ń fò kọjá lókè ilé wọn lóru, nílẹ̀ nílẹ̀, kò jẹ́ kí wọ́n sùn, wọ́n bá sọ ọ́ di ìtàn pé ìjọba kọ́ hẹlikọ́pítà tó lè gbọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ nínú yàrá yín. Nínú tiwọn àkọ́kọ́, orí awakọ̀ yẹn ló dàrú tó wá kọjú ìjà sí ìlú, ilé-iṣẹ́ fíìmù ní rárá o, wọ́n gbé e fún ẹlòmíì tún kọ, awakọ̀ di ọmọlúàbí, ìjọba di ọ̀tá. Èmi ì bá fẹ́ rí ti àkọ́kọ́.

Total Recall ni kí o lọ fi kọ́gbọ́n sùúrù. Ìtàn kúkúrú Philip K. Dick tó jáde ní 1966 ni, Shusett ti ra ẹ̀tọ́ ẹ̀ ní 1,000 dọ́là ní 1974. Òun àti O'Bannon bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, ìtàn Dick kúrú, kò gbé wọn kọjá ìdá kan nínú fíìmù, ni wọ́n bá ní kí ọkùnrin inú ìtàn náà kúkú lọ sí Mars lóòótọ́. Ibo ló máa parí sí? Ìjà. Wọ́n ní yóò náni lówó jù, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ gbájú mọ́ Alien torí wọ́n rò pé ìyẹn ò ní gbówó. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sọ́wọ́ olóòtú fíìmù Dino De Laurentiis, olùdarí David Cronenberg fi bí ọdún kan tún un kọ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó lọ. Wọ́n ti ń kan ilé inú fíìmù ní Australia kí ilé-iṣẹ́ De Laurentiis tó wọ gbèsè. Òṣèré Schwarzenegger tó ti fẹ́ ìwé yẹn látọjọ́ pípẹ́ ló ní kí ilé-iṣẹ́ Carolco rà á, ó mú Paul Verhoeven wá darí ẹ̀, wọ́n yà á ní Mexico. Láti 1974 dé 1990. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n ra ìtàn yẹn ti ń ṣe ìdánwò WAEC nígbà tó jáde.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní kí òkú máa jẹ ọpọlọ èèyàn? Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ ń jiyàn. (SS2, Ṣágámù)

ÌDÁHÙN: O'Bannon yìí náà ni! The Return of the Living Dead, 1985, òun ló kọ ọ́ tó tún darí ẹ̀. Nínú Night of the Living Dead, fíìmù òkú tí George Romero ṣe ní 1968, ẹran ara ni wọ́n ń jẹ, kò sí ọ̀rọ̀ ọpọlọ. O'Bannon ló mú òkú kan sọ̀rọ̀, wọ́n dè é mọ́ tábìlì, wọ́n bi í léèrè, ó ní ó ń dun òun láti jẹ́ òkú, ọpọlọ ló ń bá òun dín ìrora kù. Ṣé ẹ rí i pé ẹni tí ara ń ro náà ló tún ń sọ̀rọ̀. Kí ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ àkúdàáyà tiwa o, àkúdàáyà á lọ ìlú míì lọ tajà, á fẹ́yàwó, á bímọ, kò ráyè ọpọlọ ẹnikẹ́ni.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé AI ò ní gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wa báyìí? (Òǹkọ̀wé tẹ́rù ń bà)

ÌDÁHÙN: Àwọn òǹkọ̀wé Hollywood daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 148 ní 2023, láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹsàn-án, ẹ̀rù AI sì wà lára ohun tó fà á. Ara ohun tí wọ́n gbà nínú àdéhùn ni pé AI kì í ṣe òǹkọ̀wé, ilé-iṣẹ́ ò sì lè fi dandan mú òǹkọ̀wé lò ó. Àdéhùn tiwọn nìyẹn o, kò de ẹnikẹ́ni níbí.

ÌBÉÈRÈ: Báwo ni wọ́n ṣe ń tò ó sórí ìwé gan-an? Mo kọ tèmi bí ìwé ìtàn, ẹnì kan ní kò ṣeé yà. (Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ojú ewé kan, ìṣẹ́jú kan, ìdí tí gbogbo wọn fi ń lo irú lẹ́tà kan náà nìyẹn, Courier, 12, kí olóòtú lè gbé ìwé náà lọ́wọ́ kó ti mọ bó ṣe gùn tó. Ẹ kọ́kọ́ kọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ìgbà, INT. tó bá jẹ́ nínú ilé, EXT. tó bá jẹ́ ìta: EXT. GÁRÉÈJÌ ÒJÓTA, ÌDÁJÍ. Lẹ́yìn náà ohun tójú rí àtohun tétí gbọ́ nìkan. Ẹ kọ ọ́ síbì kan nínú èyí tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ pé "ọkàn ẹ̀ gbọgbẹ́ torí ìyàwó ẹ̀ tó kú." Kámẹ́rà ò lè ya ìyẹn. Ẹ kọ ọ́ pé ó gbé ife tíì méjì sórí tábìlì, ó wò wọ́n, ó dá ọ̀kan padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó tán.

ÌBÉÈRÈ: Mo sọ ìtàn fíìmù mi fún ọ̀gbẹ́ni kan níbi ìnáwó, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ẹ̀, fíìmù tó jọ ọ́ jáde, orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Ṣé mo lè pè é lẹ́jọ́? (Wọ́n Rẹ́ Mi Jẹ, Ìjẹ̀bú-Òde)

ÌDÁHÙN: Pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni o fún un, ibẹ̀ ló ti le. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé wa ní Nàìjíríà, èyí tuntun tí ààrẹ buwọ́ lù ní 2023, kò ṣọ́ èrò tó wà lórí, ohun tó ti wà lákọsílẹ̀ tàbí tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ló ń ṣọ́. Tó o bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí o tó sọ fún un, tó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ inú ìwé ẹ ló gbé, lọ bá lọ́yà. Tí kò bá sí ìwé, má fowó ṣòfò. Ìkejì tó wà lórí ẹ báyìí, jókòó kọ ọ́ lónìí, gbé e lọ sọ́dọ̀ Nigerian Copyright Commission kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn, tó o bá tún fẹ́ fi han ẹnikẹ́ni, fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ íméèlì kí ọjọ́ hàn lórí ẹ̀. Èmi náà fẹ́ kà á o. Àmọ́ má sọ fún mi lórí fóònù.